Fọ́tò Kò Mọ Gbogbo Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwòrán Ẹbí Tí A Ń Fi Ọ̀dà Yà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òǹkàwé kan kọ lẹ́tà sí ojú ewé yìí. Ó ní òun kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi san owó gọbọi fún ayàwòrán pé kó fi ọ̀dà ya bàbá òun láti ara fọ́tò, nígbà tí ohun èlò inú fóònù lè sọ fọ́tò dúdú-òun-funfun di aláwọ̀ kí a tó pajú pẹ́, tí àwọn tó ń tẹ bánà lẹ́bàá títì sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì, aṣọ líle tí àwọn ayàwòrán ń lò, kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò bá a jà. Owó rẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n èmi àti àwọn àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn oṣù méje gbáko, ọ̀nà àbùjá tí ó sì ń júwe yẹn ni a kọ́kọ́ gbà tí a fi ṣìnà. Mo wá rò pé ó yẹ kí n sọ ohun tí ojú wa rí, pàápàá jù lọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa kí a tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí fọ́tò kò mọ̀ nípa ẹni tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jọjọ, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè ni ìyókù wà, nítorí náà, ó yẹ kí àgbà ti jókòó ti ayàwòrán kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀dà rárá, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí a bá ń ṣí aṣọ lójú àwòrán ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ìyá wa pé ẹni ọgọ́rin ọdún lọ́dún tó kọjá. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí fún bàbá wa, àwa mẹ́ta ló kù. Bàbá wa, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Èkó, jáde láyé ní 1978 nígbà tí àbíkẹ́yìn wa kò tíì rìn dáadáa. Àbúrò mi obìnrin tó tẹ̀lé mi náà lọ ní ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré. Kò sí fọ́tò kan ṣoṣo tí gbogbo wa jọ wà nínú rẹ̀. Ohun tí a ní ni fọ́tò bàbá wa tí wọ́n yà ní 1968 lọ́dọ̀ oní-fọ́tò kan l'Ékòó, tó wọ agbádá, tó dé fìlà, tó fọwọ́ lé ẹ̀yìn àga. Fọ́tò ìyá wa níbi ìkómọ, tí ẹni tó yà á gé apá kan gèlè rẹ̀ kúrò. Àti fọ́tò kékeré kan tí àbúrò mi tó kú yà nínú aṣọ ilé-ìwé. Tiwa kún inú fóònù bí erùpẹ̀. A ní kí a fi àwòrán ńlá kan ta ìyá wa lọ́rẹ, níbi tí gbogbo wa yóò ti dúró lójú kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a gbé iṣẹ́ náà fún, tí mi ò ní dárúkọ ibi tó wà, ní òun yóò fi ọwọ́ yà á, ọ̀dà elépo gidi ni òun yóò lò, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò sì gba òun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sanwó. Nígbà tí àwòrán dé, ó ń dán yinrin, ipa búrọ́ọ̀ṣì sì hàn lára rẹ̀, inú wa dùn. Ọmọ àbúrò mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ló ba ayọ̀ náà jẹ́. Ó gbé iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, ó sì fi hàn wá pé ipa búrọ́ọ̀ṣì náà kò tẹ̀lé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: ó kọjá lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kọjá lórí imú, ó kọjá lọ sórí ògiri ẹ̀yìn, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ ra ògì sójú pátákó. Ó mú gíláàsì tí mo fi ń kàwé, ó gbé e sórí ojú bàbá wa, a sì rí àwọn tóótòòtó tíńtìntín aláwọ̀ oríṣiríṣi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ohun kan tó dà bí àtè tó mọ́ gaara ni wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rà lé e lórí kí ó lè dà bí iṣẹ́ ọwọ́.

Ọmọ náà tún sọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ náwó sórí irú nǹkan yìí mọ̀. Ọ̀dà elépo kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Epo líńsíìdì tí wọ́n fi ń pò ó máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń ti ara bẹ́ẹ̀ le díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó ṣeé fọwọ́ kàn, inú rẹ̀ a sì gba ọ̀pọ̀ oṣù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dúró bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kí wọ́n tó fi fáníìṣì, ohun dídán tí ń dáàbò bo ojú àwòrán, kún un. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́rin ni òun yóò fi ya ènìyàn mẹ́fà ní ọ̀dà elépo, tí yóò sì gbẹ, tí yóò sì ti dán, ẹ bi í léèrè dáadáa. Ọ̀dà ákírílíìkì tí wọ́n ń fi omi pò ni ó máa ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan, iṣẹ́ rere sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ènìyàn ṣáà mọ èyí tó ń rà. Àní títẹ̀ sórí kánfáàsì gan-an kò ní àbùkù, bí wọ́n bá tà á lórúkọ ara rẹ̀ àti ní iye tó tọ́ sí i.

Ayàwòrán kejì tí a rí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ ní Yaba College of Technology, kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó rárá. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ta ló mọ bàbá yín dáadáa tó ṣì wà láàyè?" Mo rò pé ó ń wá ọ̀nà láti fi ọ̀rọ̀ dídùn tu wá lójú ni. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ó kọ àwọn fọ́tò tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí pé WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ títí tí etí ojú àti irun yóò fi di rúdurùdu. Ó ní tí a kò bá lè gbé ojúlówó wá, kí a fi ránṣẹ́ bí ìwé, ohun tí WhatsApp ń pè ní "document", kí ó lè dé bí ó ṣe rí. Fọ́tò bàbá wa ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù nítorí ọ̀rinrin, bí ẹni tó bá ń gbé létí ọ̀sà ṣe mọ̀ pé ó máa ń rí, àbúrò mi sì ti fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣí i. Ayàwòrán pariwo mọ́ ọn. Tí wọ́n bá fipá ṣí irú rẹ̀, ojú ni yóò kọ́kọ́ ṣí kúrò. Ńṣe ni kí wọ́n fi sílẹ̀ sára gíláàsì náà, kí wọ́n sì sikáànì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa tí a ṣì wà láyé, ó ní kò sí èyí tó dára nínú àwọn tí a fi ọwọ́ ara wa yà, nítorí pé fóònù tó bá sún mọ́ ojú jù máa ń sọ imú di ńlá, ó sì ń sọ etí di kékeré. Ó mú wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó rìn sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yà wá tuntun.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé fọ́tò bàbá wa tí ó ti sọ di ńlá wá síwájú ìyá wa, ó jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ní, "Ìyá, kí ni irọ́ tó wà nínú fọ́tò yìí?" Ìyá wa rẹ́rìn-ín. Ó wo fọ́tò náà títí, fọ́tò tó ti wà lára ògiri fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ó wá ní, "Bàbá wọn kì í gẹ fìlà sí ọwọ́ yìí." A ní bóyá ọjọ́ yẹn nìkan ni. Ó ní rárá, kò sí ọjọ́ tí ó gẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ayàwòrán kò bá a jiyàn. Ó tẹjú mọ́ fọ́tò, ó sì fi ìka tọ́ka sí àpò agbádá tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ sí. Ọwọ́ òsì ẹni tó wọ agbádá ni àpò yẹn máa ń wà. Nínú fọ́tò wa, ọwọ́ ọ̀tún ló wà. Ó tún tọ́ka sí aago ọwọ́: ọwọ́ ọ̀tún. Ni a bá rí i pé oní-fọ́tò ti dojú nẹ́gátíìfù, fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, dé nínú yàrá òkùnkùn nígbà tó ń tẹ fọ́tò náà, tí òsì fi di ọ̀tún. Láti 1968 ni a ti ń wo bàbá wa bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú jígí, obìnrin tó fẹ́ ẹ nìkan ni ara rẹ̀ kò gbà á, kò sì sí ẹni tó bi í rí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ ló tẹ̀lé e, òun ló sì mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an. Àbúrò mi ti fi ohun èlò inú fóònù kun fọ́tò náà ní àwọ̀, ohun èlò náà sì sọ agbádá bàbá wa di aláwọ̀ aró. Gbogbo wa gbà pé ètù ni. Bí ètù ni ó rí ní ojú fọ́tò: ó dúdú, ó sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ díẹ̀. Ìyá wa ní, "Ètù kẹ̀? Àlàárì ni. Àwọn èèyàn tèmi ní àdúgbò Èkó-Ẹ̀pẹ́ ló fi ta á lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó." Ó ní kí a lọ wo ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ òun. Nínú òórùn káńfọ̀, a bá fìlà tí wọ́n fi ìyókù aṣọ náà rán, pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dúdú lọ. Ayàwòrán ṣàlàyé pé ní ojú fọ́tò dúdú-òun-funfun, pupa tó jinlẹ̀ àti aró tó jinlẹ̀ lè di ohun kan náà. Sányán nìkan ni kì bá ti ṣòro láti dá mọ̀ láàárín àwọn aṣọ òkè mẹ́ta náà, nítorí pé àwọ̀ tirẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ kò rí àwọ̀ kankan nínú fọ́tò náà, ó méfò ni, ohun tó sì ti rí jù nínú fọ́tò àwọn ẹlòmíràn ló fi méfò. Mo fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà ọjọ́ sí ronú sí èyí díẹ̀. Àwọn ọmọ wa ì bá dàgbà tán, wọn ì bá máa sọ pé ètù ni bàbá àgbà wọ̀, ẹ̀bùn tí àwọn àna rẹ̀ fún un ì bá sì bọ́ kúrò nínú ìtàn ilé wa nítorí pé ohun èlò kan ṣe kíá.

Ojú bàbá wa pẹ̀lú kò pé. Pélé ni ó kọ, mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ nínú fọ́tò. Àwọn oní-fọ́tò ìgbà náà máa ń fi lẹ́ẹ̀dì tó ṣe sóńsó tún nẹ́gátíìfù ṣe, wọ́n á pa àpá rẹ́, wọ́n á pa ilà rẹ́, wọ́n á sọ àgbà di ọ̀dọ́, àwọn oníbàárà sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá wa fi ìka fa ìlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ láti júwe ibi tó wà àti bó ṣe gùn tó, ayàwòrán sì fi èédú yà á sórí bébà, ó pa á rẹ́, ó tún un yà, títí ìyá fi dákẹ́. Ní ti àwọ̀ ara, ó ní kí gbogbo wa na ọwọ́ jáde. Ìyá wa fọwọ́ lé ọwọ́ àbíkẹ́yìn wa, ẹni tí kò mọ bàbá rẹ̀ rárá: "Èyí ni. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí." Mo wo bí ayàwòrán ṣe po àwọ̀ náà: ilẹ̀ pupa, àwọ̀ ìyeyè, aró díẹ̀. Kò fọwọ́ kan ọ̀dà dúdú. Ó ní dúdú a máa sọ ara ènìyàn di eérú.

Ẹ̀yin àgbà kan lè sọ pé ta ló ní kí àwòrán jọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ìjọra ti pẹ́ nílẹ̀ wa ju fọ́tò lọ. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ ère àkó fún òkú ọlọ́lá, kí ó jọ ọ́, wọ́n á sì fi aṣọ òkú náà gan-an wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ fi ètù dípò àlàárì. Nígbà tí fọ́tò dé, àwọn kan fi í dípò ère ìbejì: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, oní-fọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sójú kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó ti ara wọn. Ohun tí a ń ṣe yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i.

Ní ti ọ̀dà, Ìjẹ̀bú-Òde tó wà nítòsí wa níbí ni wọ́n ti bí ayàwòrán Aina Onabolu ní 1882. Kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 ni ó ti ń ya ojú àwọn ènìyàn ńlá Èkó; àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tó yà ní 1906 wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣe é nígbà tí àwọn òyìnbó kan ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe é. Ben Enwonwu náà ya ọmọ ọba Ifẹ̀ kan, Adétutù Adémilúyì, ní 1973, àwòrán tí wọ́n ń pè ní Tutu, ó sì tún un yà; èyí tó yà ní 1974 ni wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018 ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan owó pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n Enwonwu rí ọmọbìnrin náà: ọmọbìnrin náà jókòó níwájú rẹ̀, ó yí orí, ó mí. Ẹni tó ń ya òkú láti ara fọ́tò kò ní irú àǹfààní yẹn, àyàfi ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ibì kan wà tí ìyá wa pàápàá kò lè ràn wá lọ́wọ́. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ kí ayàwòrán ya èyí tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án bí àgbàlagbà, kí ó lè dúró láàárín wa bí ẹgbẹ́ wa. Ó ní ohun èlò kan wà tó lè fi ọdún kún ojú ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà le láàárín wa, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ayàwòrán ní òun kò ní yà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojú ẹni tí kò sí rí ni òun yóò yà. Ìyá wa kò sọ nǹkan kan. Ní ìkẹyìn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó yà, nínú aṣọ ilé-ìwé, ó di etí agbádá bàbá wa mú, àwa tí a ti hu ewú sì dúró yí i ká. Ó jọni lójú ní àkọ́kọ́ pé àbúrò kéré ju ọmọ lọ. Ní báyìí, mi ò lè ro ó ní ọ̀nà mìíràn.

Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú fún un níṣẹ́: iná oní-fọ́tò ti 1968 wá láti apá kan, oòrùn ìkómọ wá láti òkè, ti fèrèsé tiwa wá láti apá kejì, bí ó bá sì da fọ́tò náà kọ bí ó ṣe rí, ńṣe ni a ó dà bí àwọn tí wọ́n gé láti inú ìwé ìròyìn tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ó yan fèrèsé kan ṣoṣo, ó sì tún òjìji gbogbo ojú gbé kalẹ̀ fún un. Ìyá wa ló sọ fún un bí bàbá ṣe ga tó: òkè gèlè òun kò ju imú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Iye orí àti bí kánfáàsì ti tóbi tó ni wọ́n fi ń díye, tiwa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́ta. A san ìdajì níbẹ̀rẹ̀, a san ìdá mẹ́rin nígbà tí a fọwọ́ sí iṣẹ́ èédú, a sì san ìyókù nígbà tó parí, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ ọ̀dà kí àgbà ilé tó fọwọ́ sí iṣẹ́ èédú, nítorí pé fìlà tí wọ́n lè yí padà lórí èédú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè gba ọ̀sẹ̀ kan lórí ọ̀dà. Ní ti ibi tí a ó gbé e kọ́, ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ àfáà ní kí ó má wà níbi tí wọ́n ti ń kírun, ayàwòrán sì ní kí ó má kojú oòrùn, kí ó má sì fara lẹ ògiri tó ń rin. Ògiri kan ṣoṣo nínú pálọ̀ ló tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, tí àwọn òǹkàwé yóò máa fi fọ́tò àtijọ́ tí wọn kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí, kí àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Àgbádárìgì àti ibòmíràn lè máa dá ojú mọ̀, kí wọ́n máa sọ àwọ̀ aṣọ, kí wọ́n máa sọ ọwọ́ tí fìlà ń gẹ̀ sí. Èmi yóò kọ́kọ́ fi mẹ́ta ránṣẹ́.

Oṣù Ògún ni àwòrán tiwa parí. Ayàwòrán ní òun ń bọ̀ lóṣù Èrèlé láti wá fi fáníìṣì sí i, nígbà tí ọ̀dà bá ti gbẹ dénú. Ìyá wa ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan dání, nítorí pé fìlà yẹn kò tíì gẹ̀ tó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.